Ọmọ mi ń túmọ̀ "run" sí "sáré" níbi gbogbo: ẹ bá mi dá sí i

Ìyá Morẹ́nikẹ́, Tákìé, Ògbómọ̀ṣọ́:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo ni mo ń wá ìrànlọ́wọ́ lé lórí. Ọmọ mi obìnrin wà ní SS2, WAEC sì ń bọ̀ lọ́nà. Kì í ṣe olódo rárá. Ìṣirò kì í bà á lẹ́rù, bàọ́lọ́jì rẹ̀ sì dáa. Àmọ́ tó bá ti kan àyọkà Gẹ̀ẹ́sì, ìtumọ̀ tó ti mọ̀ láti pírámárì ni yóò gbé, yóò sì fi tipátipá kàn án mọ́ gbólóhùn náà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n fún wọn ní àyọkà kan. Gbólóhùn kan nínú rẹ̀ rèé: "Her father ran the mill until the money ran out." Ohun tí ọmọ mi kọ ni pé bàbá náà sáré lọ sí ilé ìlọta títí owó fi sáré jáde. Tíṣà wọn fi bírò pupa fa gbogbo rẹ̀ já, kò sì kọ èyí tó tọ̀nà sí i.

Mo ní kó wo díkíṣọ́nárì. Ó ṣí i, ó rí i pé "run" kún ojú ewé kan, ó tún yí wọ èkejì, ló bá pa ìwé dé. Èmi náà ò mọ ibi tí mo lè sọ pé kó ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé kó há gbogbo rẹ̀ sórí ni? Ẹ̀yin tíṣà, àti ẹ̀yin tí ẹ ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ òòjọ́ yín, báwo lẹ ṣe ń kọ́ ọmọ ní irú ọ̀rọ̀ báyìí?

Tíṣà Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́:

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, mà. Ẹ má jẹ́ kó há a sórí, torí kò ṣeé há. Nígbà tí wọ́n tẹ díkíṣọ́nárì ńlá ti Oxford lẹ́ẹ̀kejì ní 1989, ìdìpọ̀ 20 ni, "set" ni ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù nínú rẹ̀: 430. Lẹ́yìn náà tí wọ́n ń tún ìwé ọ̀hún ṣe, Peter Gilliver tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olóòtú rẹ̀ gbé "run" síwájú. Oṣù mẹ́sàn-án ló lò lórí ọ̀rọ̀ kan yẹn. Ìtumọ̀ tó kó jọ fún un, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan, tó 645. Bó bá gba ẹni tí díkíṣọ́nárì jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ ní irú àkókò yẹn, ẹ ò rí i pé ọmọ wa ò jẹ̀bi bó ṣe pa ìwé dé.

Ohun tí mo máa ń ṣe ní kíláàsì nìyí. N kì í bi ọmọ pé kí ni ìtumọ̀ "run". Ìbéèrè méjì ni mo máa ń bi í: ta tàbí kí ló wà níwájú rẹ̀, kí ló sì tẹ̀ lé e?

Tó bá jẹ́ ènìyàn tàbí ẹranko ló wà níwájú, tí kò sí ohun tó gba ìṣe náà lẹ́yìn, sáré ni lọ́pọ̀ ìgbà. Tó bá jẹ́ nǹkan olómi, ó ń ṣàn tàbí ó ń dà. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ, ó ń ṣiṣẹ́. Tí ènìyàn bá wà níwájú, tí ṣọ́ọ̀bù, ilé ẹ̀kọ́, ẹgbẹ́ tàbí ilé iṣẹ́ wá tẹ̀ lé e, ẹni yẹn ló ń darí rẹ̀. Ọ̀nà, odò àti ọgbà ilé náà máa ń "run", bẹ́ẹ̀ wọn ò kúrò lójú kan: ọ̀nà Ìbàdàn sí Ìlọrin "runs through" Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ó gba ibẹ̀ kọjá ni. Àdéhùn ńkọ́? "The lease runs for two years": ọdún méjì ni àdéhùn ilé náà yóò fi wà.

Ẹ wá jẹ́ ká gbé gbólóhùn ọmọ yín yẹ̀ wò. Ta ló wà níwájú "ran" àkọ́kọ́? Bàbá. Kí ló tẹ̀ lé e? "The mill". Ènìyàn ò lè sáré ilé ìlọta. Bí gbólóhùn bá fẹ́ kó sáré lọ síbẹ̀, "to" ì bá wà láàárín wọn. Ó ń darí rẹ̀ ni. Kí ló wà níwájú "ran" kejì? Owó. Kí ló tẹ̀ lé e? "Out". Owó tán. Nítorí náà: bàbá rẹ̀ ló ń darí ilé ìlọta náà títí owó fi tán.

Kí n tó gbàgbé, kó mọ bó ṣe ń yí padà: run, ran, run. "She has ran" kò tọ̀nà, "she has run" ni. Máàkì tí àwọn ọmọ ń pàdánù síbẹ̀ pọ̀ ju èyí tí wọ́n ń pàdánù sórí ìtumọ̀ lọ.

Mẹkáníìkì Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́:

Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Inú ìwé tó máa ń bá mọ́tò wá ni mo ti kọ́ púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. "With the engine running" túmọ̀ sí pé kí ẹ́ńjìnì wà lórí iná. Mọ́tò lè dúró gbagidi síbi kan kí ẹ́ńjìnì rẹ̀ máa "run". Ó sì ṣe pàtàkì. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì, pípa lẹ máa pa mọ́tò, ẹ óò sì dúró díẹ̀ kí ẹ tó fa ọ̀pá rẹ̀ yọ wò. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì jíà ọ̀pọ̀ mọ́tò òtòmátíìkì tó ní ọ̀pá, ìwé á ní kí ẹ́ńjìnì wà lórí iná kí ẹ tó wò ó. Ọmọṣẹ́ tí kò bá mọ ìyàtọ̀ "off" àti "running" yóò rò pé ọ́ìlì kún tàbí pé kò tó, yóò sì ba jíà onímọ́tò jẹ́.

"Run in" tún wà. Ẹ́ńjìnì tuntun, tàbí èyí tí a tú palẹ̀ tí a sì tún tò, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rọra wà á. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ nítẹ̀kutẹ̀, ẹ má sì fi kó ẹrù wúwo, títí àwọn irin inú rẹ̀ á fi mọwọ́ ara wọn. "Running costs" kì í ṣe owó tí wọ́n fi ra mọ́tò. Owó epo, ọ́ìlì, táyà àti ìwé ọkọ̀ ni. Torí náà, ẹni tó bá ní "I can't afford to run a car" lè ti ní mọ́tò sílẹ̀. Àtimáa gbọ́ bùkátà rẹ̀ ni kò ká. "The battery has run down": iná inú bátìrì ti tán.

Ẹ sọ fún un kó ṣọ́ra fún "run into". Ní òpópónà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ yìí, bí wọ́n bá kọ ọ́ pé "the bus ran into a trailer", bọ́ọ̀sì lọ kọ lu tírélà ni. Bí wọ́n bá ní "I ran into my uncle at Owódé", wọ́n kàn ṣe kòńgẹ́ ara wọn ni, ẹnikẹ́ni ò fara pa. "Run over" ní tirẹ̀, àfi kí Ọlọ́run má fi hàn wá, mọ́tò tẹ nǹkan tàbí ènìyàn mọ́lẹ̀ ni.

Nọ́ọ̀sì Òkè-Àdó, Ògbómọ̀ṣọ́:

Ìyá Morẹ́nikẹ́, inú mi dùn pé ẹ bi ìbéèrè yìí, torí ní ọ́síbítù, ọ̀rọ̀ kékeré yìí lè dá ọ̀ràn sílẹ̀. "Does hypertension run in your family?" Ojoojúmọ́ là ń bi aláìsàn ní ìbéèrè yìí. Ó ṣẹlẹ̀ lójú mi ní ibì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí: dókítà tí kò gbọ́ Yorùbá ló bi ìyá kan, ọmọkùnrin tó sìn ín wá sì ń ṣe ògbufọ̀. Ọmọ ní, "Mọ́mì, wọ́n ní ṣé ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń sáré nínú ẹbí wa." Ìyá wò ó lọ́tùn-ún, ó wò ó lósì, ó ní rárá. Wọ́n kọ rárá sílẹ̀. Mo sún mọ́ ìyá, mo ní, "Mà, ṣé ẹnì kan nínú àwọn òbí yín tàbí ọmọ ìyá yín ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru rí?" Wọ́n ní òun ló pa bàbá àwọn, òun náà ló sì rọ ẹ̀gbọ́n àwọn lápá lẹ́sẹ̀. Ìtumọ̀ ìbéèrè dókítà nìyẹn: ṣé àìsàn yìí wà nínú ìdílé yín? A tún fáìlì náà kọ kí ìyá tó kúrò níwájú dókítà.

Èkejì ni "running water". Tí iná bá jó ọmọ, ìmọ̀ràn tí wọ́n ń kọ ni "cool the burn under running water for 20 minutes". Kì í ṣe pé ká ti ọwọ́ ọmọ bọ inú báńsìn omi. Omi tó ń dà ni. Ẹ ṣí ẹ̀rọ kó máa dà sí i. Tí kò bá sí omi ẹ̀rọ, kí ẹnì kan di bútà mú, kó máa dà á sórí ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n máa bu omi mìíràn kún un títí ogún ìṣẹ́jú yóò fi pé. Omi tútù lásán ni o, kì í ṣe omi yìnyín.

"She is running a temperature": ara rẹ̀ ń gbóná, ibà wà lára rẹ̀. Bí ọmọ bá kọ̀wé sílé pé "I feel run-down", ó rẹ̀ ẹ́ gan-an ni, ara rẹ̀ ò le. "Running stomach" tí gbogbo wa ń sọ, Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà ni, ó sì yé wa dáadáa. Ṣùgbọ́n nínú ìdánwò, kó kọ "diarrhoea". Imú tí ikun ń dà níbẹ̀, "runny nose" ni kó kọ.

Télọ̀ Owódé, Ọ̀yọ́:

Ẹ wo pélébé aṣọ kékeré tí wọ́n máa ń rán mọ́ ọrùn ẹ̀wù. "Wash separately, colours may run." Àwọn oníbàárà mi kì í kà á. Ohun tó ń sọ ni pé aró aṣọ náà lè jáde sínú omi, kó sì ba èyí tí wọ́n fọ̀ mọ́ ọn jẹ́. Ẹ má fọ aṣọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́ léèsì funfun láé. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá yóò "run", ẹ rẹ àkísà funfun, ẹ fún un, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ojú rírán aṣọ náà níbi tí kò hàn sóde. Bí àkísà bá gba àwọ̀, ẹ dá a fọ̀ lọ́tọ̀.

Ẹ má pè é ní ṣíṣá o. Aṣọ tó ṣá, "fade" ni ti ìyẹn. Èyí tí aró rẹ̀ ń jáde lè máà tíì ṣá rárá.

"Run up" tún wà nínú iṣẹ́ wa. "Can you run up a blouse for me?" Ṣé ẹ lè bá mi yára rán búláòsì kan? Bẹ́ẹ̀ "run up a debt" kì í ṣe kéèyàn rán gbèsè, kéèyàn máa jẹ gbèsè lé gbèsè ni. Tíṣà, òótọ́ lẹ sọ, ohun tó tẹ̀ lé e ló ń là á.

Ọmọ Under G, LAUTECH:

Ẹ káàsán, ẹ̀yin àgbà. Ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Lójú tèmi, Yorùbá tí Morẹ́nikẹ́ ń kọ́kọ́ túmọ̀ gbogbo nǹkan sí ló ń dá a dúró. Ní dípátímẹ́ǹtì wa, tí léktọ́rà bá ní "run the program", kò sẹ́ni tó ń wá Yorùbá rẹ̀. A óò tẹ bọ́tìnnì, kọ̀ǹpútà á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé àṣẹ tí a kọ fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀, a óò sì rí èsì. Ojú ni a fi kọ́ ọ. Àṣìṣe tó bá wá yọjú nígbà tí iṣẹ́ ti ń lọ, "run-time error" là ń pè é. Ẹ̀yìn ìgbà tí mo ti rí i kó ṣẹlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, láìsí Yorùbá kankan láàárín. Kí Morẹ́nikẹ́ máa ka Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀, kó yé túmọ̀.

Ìmọ̀ràn kan tún rèé. "Runs" tí a ń sọ ní kámpọ́ọ̀sì, tó lè jẹ́ iṣẹ́ àbọ̀ṣẹ́ tàbí ọ̀nà ẹ̀bùrú, kó má gbé e wọ inú ìwé ìdánwò. "He ran mad" náà, "he went mad" ni kó kọ.

Bàbá Kòsọ́bọ̀, Ọ̀yọ́:

Àbúrò mi Under G, o káre láé. Ibi tí o parí ọ̀rọ̀ sí nìkan ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Iṣẹ́ tíṣà ni mo fẹ̀yìn tì nídìí rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá ni mo sì kọ́ àwọn ọmọ. Kì í ṣe Yorùbá ló ń dí ọmọ yìí lọ́wọ́. Ẹyọ ọ̀rọ̀ ló ń túmọ̀, kò túmọ̀ gbólóhùn. Yorùbá tó gbọ́ yìí gan-an ló máa tú u sílẹ̀, bí a bá fi hàn án pé èdè ìyá rẹ̀ ń ṣe ohun kan náà.

Ìyá Morẹ́nikẹ́, ẹ pè é jókòó, ẹ bi í pé kí ni ìtumọ̀ "pa". Yóò ní kéèyàn gba ẹ̀mí nǹkan. Ẹ wá bi í: ẹni tó pa iná, ṣé iná ní ẹ̀mí ni? Ẹni tó pa òwe ńkọ́? A ń pa àlọ́, a ń pa irọ́, a ń pa àṣẹ. Oníṣòwò pa owó lọ́jà, inú rẹ̀ dùn. Òjò pa mí, mo kàn tutù ni. Ebi ń pa ọmọ. Ó pa ojú dé, ó ń sùn. Ó pa ilé mọ́, ó pa ìwà dà, ó pa ara pọ̀ mọ́ wọn. Ta ló jókòó kọ́ ọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ìwọ̀nyí? Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Bó ṣe gbọ́ "òwe" lẹ́yìn "pa" ló ti mọ èyí tó ń jẹ́. Ọgbọ́n yẹn ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti kékeré. Kó gbé e lọ bá "run", yóò rí i pé ohun tí Tíṣà Akẹ̀sán ń bi àwọn ọmọ ní kíláàsì náà ni.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún un tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Àwọn ènìyàn máa ń rò pé ẹsẹ̀ ni "run" ti bẹ̀rẹ̀, pé omi kàn yá a lò ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún, "rinnan" ni wọ́n ń pè é, ó sì ti dúró fún kí omi ṣàn àti kí ènìyàn sáré nígbà yẹn. Àwọn ará Jámánì tí èdè wọn bá Gẹ̀ẹ́sì tan pín in sí méjì: "rinnen" fún omi tó ń ṣàn, "rennen" fún ẹni tó ń sáré. Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀kan ṣe méjèèjì. Nítorí náà, bí ọmọ bá rí "run" tí ojú rẹ̀ dàrú, kó kọ́kọ́ ro omi tó ń ṣàn lọ láìdúró, kó tó ro ẹsẹ̀. Eré tó ń lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́, ọ̀nà tó gba ìlú kọjá, àìsàn tó ń ti ara bàbá dé ara ọmọ, gbogbo wọn ló súnmọ́ ṣíṣàn ju sísáré lọ.

Ọmọ Under G, LAUTECH:

Ẹ ṣé gan-an ni, Bàbá. Ti "pa" yẹn wọlé. Mo gbà pé kó fi Yorùbá bẹ̀rẹ̀. Mo ṣì dúró lórí i pé tó bá ti mọ̀ ọ́n lára, kó máa kà á tààrà, torí nínú JAMB, ìbéèrè 60 ló wà fún Gẹ̀ẹ́sì nìkan, aago sì ń lọ. Kò ní ráyè túmọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Olóòtú Ìròyìn, Ọ̀yọ́:

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa yí ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì padà sí Yorùbá fún rédíò. "Run" kì í jẹ́ kí n sinmi nígbà ìdìbò. "He is running for governor": ó ń díje fún ipò gómìnà, tàbí ó ń du ipò gómìnà. Mo ti gbọ́ "ó ń sáré fún gómìnà" lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa, ó sì máa ń dùn mí, torí àwọn arúgbó tó ń gbọ́ wa nílé á máa bi ara wọn pé ta ni gómìnà rán níṣẹ́. "The paper ran the story": ìwé ìròyìn gbé e jáde. "Running mate" ni ẹni tí wọ́n jọ ń díje, tí yóò ṣe igbákejì.

Èyí tó le jù ni "run-off" àti "rerun", torí àtúndì ìbò ni ọ̀pọ̀ ń pe méjèèjì. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Òfin Nàìjíríà ti 1999 sọ pé ẹni tó fẹ́ wọlé gómìnà gbọ́dọ̀ ní ìbò tó pọ̀ jù, kó sì tún ní ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìjọba ìbílẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ 33, ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 22. Bí ẹnikẹ́ni ò bá kún ojú òṣùwọ̀n yẹn, àwọn méjì péré ló ń padà wá díje. Ìyẹn ni "run-off". "Rerun" ní tirẹ̀ ni èyí tí wọ́n tún dì torí pé ti àkọ́kọ́ kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Èmi máa ń pe "run-off" ní ìdìbò láàárín àwọn méjì tó kù. Ó gùn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń ṣì í gbọ́.

Ìyá Ìbejì, Awẹ́:

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ṣe é nílé wa, torí ti kíláàsì yàtọ̀ sí ti ilé. Ẹ ra ìwé kékeré kan fún un. Kó ya ojú ewé sọ́tọ̀ fún "run", ọ̀tọ̀ fún "set", ọ̀tọ̀ fún "get" àti "take". Kó má kọ ìtumọ̀ lásán síbẹ̀. Gbólóhùn tó ti rí i gan-an ni kó kọ, pẹ̀lú ibi tó ti rí i: ara aṣọ, ara páálí oògùn, inú ìwé mọ́tò, rédíò. Abẹ́ gbólóhùn náà ni kó kọ odidi rẹ̀ sí ní Yorùbá.

Díkíṣọ́nárì tí wọ́n ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ ni kó máa lò, kì í ṣe èyí tó wúwo. Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń fi ọ̀rọ̀ atọ́nà kékeré ṣíwájú ìtumọ̀ kọ̀ọ̀kan, kéèyàn lè mọ̀ bóyá omi, ẹ̀rọ tàbí òwò ló ń sọ. Kó fi ojú wá ìyẹn kọ́kọ́. Kó ka gbólóhùn àpẹẹrẹ kó tó ka àlàyé. Apá ìparí ni "run out", "run into" àti àwọn ẹgbẹ́ wọn sábà máa ń wà, kó má wá wọn láàárín. "Run" tó jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ tún ní ààyè tirẹ̀ lọ́tọ̀: "chicken run" ni ọgbà tí adìẹ ń rìn nínú rẹ̀, "the school run" ni gbígbé ọmọ lọ ilé ẹ̀kọ́ àti lílọ mú wọn wálé.

Ìyá Morẹ́nikẹ́, Tákìé, Ògbómọ̀ṣọ́:

Ẹ kú àdúrótì o, gbogbo yín. Mo fi "pa" ti Bàbá Kòsọ́bọ̀ dán an wò lálẹ́ àná. Ó rẹ́rìn-ín títí, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka "jẹ" fún mi fúnra rẹ̀: jẹ gbèsè, jẹ oyè, jẹ ìyà, jẹ èrè. Ó ti bẹ̀rẹ̀ ìwé kékeré Ìyá Ìbejì. Àmọ́ àwọn kan wà tí ìbéèrè méjèèjì Tíṣà ò tíì bá a tú: "the well ran dry", "we are running late", àti "she ran a comb through her hair". Lórí ìkejì, ó ní báwo ni ẹni tó ń sáré ṣe tún ń pẹ́.

Tíṣà Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́:

Ìbéèrè rẹ̀ dára púpọ̀. Kó wo ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé "run" níbẹ̀: dry, late. Ọ̀rọ̀ tó ń sọ bí nǹkan ṣe rí ni wọ́n. Bí irú wọn bá tẹ̀ lé "run", kó gbé sísáré kúrò pátápátá, ohun tí nǹkan dà ló ń sọ. Kànga gbẹ, bíi tàwọn kànga wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. "We are running late": a ti ń pẹ́, kódà bí a bá jókòó sínú mọ́tò tí kò kúrò lójú kan. "Running low": ó ti ń tán lọ. "Running short": kò ní tó mọ́. "The children ran wild": àwọn ọmọ ò gbọ́ ti ẹnikẹ́ni mọ́. Wọn ò pọ̀, ọ̀wọ́ kan náà ni.

Ti kóòmù jẹ́ ọ̀wọ́ mìíràn: ènìyàn, run, nǹkan kan, lẹ́yìn náà "through", "over" tàbí "down". Ó ń gbé nǹkan yẹn gba inú tàbí orí òmíràn kọjá. Ó fi kóòmù ya irun rẹ̀. "He ran his eyes down the list": ó fi ojú wo orúkọ náà lọ sísàlẹ̀ wéréwéré.

Ẹ fún un ní mẹ́fà yìí, kó kọ odidi gbólóhùn ní Yorùbá, kẹ́ ẹ gbé e síbí:

The tap has been running all night.
My aunt runs a canteen near the stadium.
He runs a taxi.
The play ran for three weeks.
A shiver ran down her back.
Your time is running out.

Ìyá Morẹ́nikẹ́, Tákìé, Ògbómọ̀ṣọ́:

Ohun tó kọ rèé, n kò fọwọ́ kàn án: Omi ẹ̀rọ ti ń dà láti alẹ́ mọ́jú. Àǹtí mi ló ń bójú tó ilé oúnjẹ kan nítòsí pápá ìṣeré. Ó ń wa takisí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe eré náà. Jìnnìjìnnì bò ó. Àkókò rẹ ti ń tán lọ.

Tíṣà Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́:

Ó káre! "Jìnnìjìnnì bò ó" yẹn dùn mọ́ mi jù, torí kò wá ẹ̀yìn tàbí eré kiri, ohun tí Yorùbá ń sọ ló kọ. Ìkẹta nìkan ló kù. "He drives a taxi" ni ó ń wa takisí. "He runs a taxi" kò sọ ẹni tó wà nídìí ọkọ̀. Ó lè jẹ́ òun fúnra rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ó gbé mọ́tò náà fún dírẹ́bà tó ń já owó fún un. Ohun tó dájú ni pé òun ló ń fi mọ́tò náà ṣòwò. Kó kọ ọ́ báyìí: ó ń fi mọ́tò ṣe takisí.

Mẹkáníìkì Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́:

Bẹ́ẹ̀ ni, Tíṣà. Méjì nínú àwọn oníbàárà mi ló ń "run" takisí, kò sì sí èyí tó mọ mọ́tò wà nínú wọn.